Ọmọ mi kọ “I use to”, tísà fi bírò pupa sọ ọ́ di “I used to”: ta ló jàre?

Ìyá Elélùbọ́ (ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ nílé lóko. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní SS2. Tísà Gẹ̀ẹ́sì wọn ní kí wọ́n kọ àròkọ nípa iṣẹ́ òbí wọn. Ó kọ nípa èlùbọ́ tí mò ń tà, bí a ṣe ń lọ kó iṣu gbígbẹ láti Ṣakí, bí a ṣe ń lọ̀ ọ́, bí a ṣe ń jọ̀ ọ́ tí gbogbo ara á funfun bí ẹni tó bọ́ sínú eérú. Inú mi dùn nígbà tí wọ́n kà á fún mi. Ó wá kọ gbólóhùn kan báyìí: “I use to help my mother on market days.” Tísà fi bírò pupa gé “use”, ó kọ “used” sí i lórí.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wá kí wa ló ka ìwé náà. Ó ní, “Ṣé ọmọ yìí kì í ràn ọ́ lọ́wọ́ mọ́ ni?” Mo ní kí ló dé? Ó ní ohun tí tísà kọ síbẹ̀ ń wí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ọjà tó kọjá yìí, ọmọ yìí ló gbé àpò méjèèjì sínú Márúwá fún mi. Ṣé tísà ló tọ̀nà ni, àbí ẹ̀gbọ́n mi? Ìwé mẹ́fà ni èmi kà, mi ò fẹ́ lọ bá tísà fa ohun tí mi ò mọ̀.

Ọmọ Ajílété (8:31 alẹ́)

Tísà ló jàre. Kò sí ohun tó ń jẹ́ “use to” nínú Gẹ̀ẹ́sì. “Used to” ni, “d” wà nídìí rẹ̀. Kí ọmọ lọ kọ ọ́ ní ogún ìgbà kó lè wọ̀ ọ́ lórí. Ọ̀rọ̀ parí.

Télọ̀ Sábó (8:40 alẹ́)

Ọ̀rọ̀ ò parí o. Gbogbo wa là ń sọ ọ́. “I use to close by seven.” “My wife use to cook on Saturday.” Lọ́yà ń sọ ọ́, pásítọ̀ ń sọ ọ́, àwọn oníbàárà mi tó kàwé dé yunifásítì ń sọ ọ́. Ṣé gbogbo wa la wá ya òpè ni?

Àgùnbánirọ̀ Under-G (9:02 alẹ́)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fẹnu sí i. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS níbi tí mo ti ń sìnlú. Tísà jàre díẹ̀, ẹ̀gbọ́n yín jàre jù ú lọ.

Ohun tó fà á rèé. Tí a bá ní “Mo máa ń ran màmá mi lọ́wọ́”, ohun tí a ṣì ń ṣe títí di òní ni. Tí ó bá ti dópin, a ó fi “tẹ́lẹ̀” kún un: “Mo máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀.” “Máa ń” kan náà ló ń bá wa ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì ò ní irú ẹ̀. “Used to” tiwọn, ohun tó ti kọjá lọ nìkan ló wà fún. Kò ní ìkejì tó wà fún òní. Àwa la jókòó dá ìkejì náà sílẹ̀ fún wọn: a yọ “d” kúrò, a ní “I use to”, a sì rò pé a ti rí “máa ń” Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó tó bá gbọ́ ọ, etí rẹ̀ á dá “d” náà padà síbẹ̀ fúnra rẹ̀, á sì gbà pé ẹ ò ṣe nǹkan náà mọ́.

Nítorí náà, tísà tún ọ̀nà tí a ń gbà kọ ọ́ ṣe, ṣùgbọ́n ó gbé ìtumọ̀ lọ síbi tí ọmọ ò rán an. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó gé “use to” dànù pátápátá: “I help my mother on market days.” “Help” tó dá dúró níbẹ̀ ti jẹ́ “máa ń ràn”.

Ọmọ Ajílété (9:09 alẹ́)

“I help” lásán kẹ̀? Ìyẹn ò dún bíi ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Kó kúkú kọ “I always help”.

Àgùnbánirọ̀ Under-G (9:15 alẹ́)

Tó bá kọ “always”, ó ti sọ pé òun kì í pa ọjọ́ ọjà kankan jẹ nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé lọ́jọ́ mìíràn ó máa ń sá lọ gbá bọ́ọ̀lù, “usually” ló yẹ ẹ́. Kó gbé e síwájú ọ̀rọ̀ ìṣe: “I usually help my mother.” Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, “usually” yìí ló sún mọ́ “máa ń” wa jù.

Ìyá Elélùbọ́ (9:18 alẹ́)

Ó máa ń sá lọ gbá bọ́ọ̀lù o! Kó kọ “usually”.

Nọ́ọ̀sì Alálẹ́ (10:47 alẹ́)

Ẹ̀yin ń fi ṣeré, àmọ́ mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Dókítà òyìnbó kan wá bá wa ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí mo wà nígbà náà. Bàbá kan wọlé, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá wọn fà á. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọn ò gbà kí n ṣe ògbufọ̀ fún àwọn. Dókítà bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo oògùn wọn. Bàbá dáhùn wẹ́rẹ́: “I use to take it every morning.”

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà, mo rí i bó ṣe ń kọ ọ́ sínú fáìlì pé aláìsàn ti dá oògùn dúró. Ó wá ń béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n dá a dúró, ṣé oògùn náà ń yọ wọ́n lẹ́nu ni, àbí owó ni kò sí. Inú bí bàbá. Wọ́n gbóhùn sókè: “I say I use to take it!” Bí wọ́n ṣe ń tẹnu mọ́ ọn tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dá dókítà lójú tó pé wọn ò lò ó mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní, “Mo máa ń lò ó láràárọ̀. Mo lò ó kí n tó kúrò nílé lónìí.”

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹni tí kò lo oògùn, ẹ ó ní kó padà sórí rẹ̀. Ẹni tó ń lò ó tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ga, ó ṣeé ṣe kí wọ́n yí oògùn náà padà tàbí kí wọ́n fi òmíràn kún un. Ìtọ́jú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ ni “I don't use to smoke”. Ẹni tó ń sọ ọ́ fẹ́ sọ pé òun kì í mu sìgá. Ohun tí àlejò ń gbọ́ ni pé òun kì í mu ún tẹ́lẹ̀, àmọ́ òun ti ń mu ún báyìí. Àwọn tó fẹ́ jáde lọ sí òkè òkun, ẹ jọ̀ọ́, “I don't smoke”, “I don't drink”, kí ẹ dákẹ́ síbẹ̀.

Télọ̀ Sábó (10:55 alẹ́)

Háà! Lẹ́tà kan ṣoṣo ló fẹ́ sọ bàbá yẹn di aláìgbọràn.

Ayékòótọ́ (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀)

Ọmọ Ajílété, o ní kò sí “use to” tí kò ní “d” nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà o. Tí “did” bá ti ṣíwájú, “d” gbọ́dọ̀ kúrò: “Did you use to live at Arowomole?” “We didn't use to lock our doors.” “Did” ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá, kò sí ohun tí “d” tún ń wá lẹ́yìn “use” mọ́. Ṣé o máa ń sọ pé “did you went” ni?

Ọmọ Ajílété (7:03 àárọ̀)

Mo ti rí “didn't used to” nínú ìwé ìròyìn òyìnbó fúnra wọn. Ṣé àwọn náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni?

Tísà Fẹ̀yìntì (8:36 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná.

Ọmọ Ajílété, àwọn òyìnbó mìíràn ń kọ “didn't used to” lóòótọ́, àwọn ìwé gírámà kan sì fàyè gbà á. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò, ti Ayékòótọ́ ni kí ọmọ dì mú. Nígbà tiwa, wọ́n tún kọ́ wa ní “used not to”: “He used not to talk much.” Kò ṣẹ̀, ó kàn ti di Gẹ̀ẹ́sì àwọn arúgbó bíi tèmi.

Ìyá Elélùbọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí bírò pupa fi máa ń yára dé ibẹ̀. Àròkọ WAEC, máàkì 50 ni. Ohun tí ọmọ sọ gba 10, bó ṣe tò ó gba 10, bó ṣe lo èdè gba 20, gírámà àti sípẹ́lì pẹ̀lú àmì ìkọ̀wé gba 10. Nínú 10 ìkẹyìn yìí, àṣìṣe tí a bá fi bírò yí po, ìdajì máàkì ló ń gbé lọ. Ẹ wá ro ti ọmọ tó ní àṣìṣe ogún. Ẹni tó bá ti ń máàkì tipẹ́, ojú rẹ̀ á ti rí “use to” kó tó ka ìyókù gbólóhùn náà, ọwọ́ á sì ti ṣiṣẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tísà yẹn nìyẹn, mo lè búra. Ìkà èèyàn kọ́.

Ní ti ọmọ, etí ló tàn án. “D” inú “used to” kì í dún. Àwọn tó ni èdè náà gan-an, wọ́n ti lẹ “d” yẹn mọ́ “t” tó wà níwájú rẹ̀. Tí wọ́n bá ní “I used a knife”, “s” ibẹ̀ á máa kùn bíi “z”. Tí wọ́n bá ní “I used to”, “s” gidi ni. Yorùbá ò ní “z”, nítorí náà méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà lẹ́nu wa. Ọmọ kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ.

Ó tún ku ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń ṣubú sí jù. Àmàlà ni mo fi máa ń kọ́ wọn, ṣebí Ògbómọ̀ṣọ́ la wà, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. “I used to eat amala”: mo máa ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, mo ti jáwọ́. “I am used to amala”: àmàlà ti mọ́ mi lára. “I am getting used to amala”: ó ń mọ́ mi lára díẹ̀díẹ̀, ìyàwó tí wọ́n gbé wá láti Calabar ló ń sọ̀rọ̀. Tí “am”, “is”, “was” tàbí “get” bá wà níwájú “used to”, ọ̀rọ̀ ìmọ́lára ni. Tí kò bá sí nǹkan kan níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ọmọ tó bá kọ “I am used to eat amala” ti da méjèèjì pọ̀, kò sì jẹ nínú ọ̀kan.

Télọ̀ Sábó (9:10 àárọ̀)

Tísà, ẹ dákun, ibẹ̀ ló rú mi lójú. Wọ́n kọ́ wa pé lẹ́yìn “to”, ọ̀rọ̀ ìṣe ò gbọdọ̀ ní nǹkan kan nídìí. “To eat”, “to sew”. Kí ló dé tí “I am used to eat” kò fi dára?

Ayékòótọ́ (9:22 àárọ̀)

Fi “it” dán an wò. “I am used to it” dára, ó dá dúró. “I used to it” kò dára, gbogbo etí mọ̀. Ibi tí “it” bá ti lè jókòó, orúkọ ló ń fẹ́, ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé “-ing” wọ̀ kó lè dà bí orúkọ: “I am used to eating amala”, “I am used to sewing at night”. Ibi tí “it” kò bá ti lè jókòó, ọ̀rọ̀ ìṣe lásán ni: “I used to sew at night.”

Télọ̀ Sábó (9:25 àárọ̀)

“I am used to sewing at night.” Iná ìjọba ti fi ìyẹn mọ́ wa lára tipẹ́.

Awakọ̀ Ìlọrin (12:51 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí n ba ọjà yín jẹ́ díẹ̀. Láti Èkó dé Kánò, mi ò tíì rí ẹni tí “I use to” ò yé. Igbo ń sọ ọ́, Hausa ń sọ ọ́. Bàbá kan dìde níbi ìdúpẹ́ ogójì ọdún ìgbéyàwó wọn, wọ́n ní “I use to love my wife very much”. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pàtẹ́wọ́, ìyàwó ń sunkún ayọ̀. Kò sẹ́ni tó rò pé wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́. Èdè tó bá dé ilẹ̀ wa, tiwa ló dà. Amẹ́ríkà ní “gotten”, ará London ò sọ ọ́, ta ló fi bírò pupa gé e fún wọn?

Nọ́ọ̀sì Alálẹ́ (1:30 ọ̀sán)

Wọ́n pàtẹ́wọ́ torí pé ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo wọn. Tí dókítà wa yẹn bá wà níbẹ̀, á ti máa wo ojú ìyàwó.

Àgùnbánirọ̀ Under-G (2:05 ọ̀sán)

Mi ò bá ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ jà rárá. Mo ń sọ ọ́ nígbà tí mo bá ń ná ẹja lọ́jà. Ṣùgbọ́n JAMB ò sí lọ́jà. Nínú ìbéèrè 180 tí ọmọ máa dáhùn ní UTME, 60 ló jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sẹ́ni tí wọ́n yọ sílẹ̀, ì báà jẹ́ iṣẹ́ dókítà ló fẹ́ ṣe tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ wọ LAUTECH gbọ́dọ̀ mọ “I use to” tilé àti “I usually” ti ìdánwò, kó sì mọ ìgbà tí yóò mú ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde.

Tísà Fẹ̀yìntì (4:44 ìrọ̀lẹ́)

Ó ku nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. “Used to” kì í bá iye jókòó. “I used to go to Ibadan three times” kò dára, “I went to Ibadan three times” ni. “I used to live at Sabo for six years” náà ò dára: “I lived at Sabo for six years.” Tí ẹ bá ti lè ka nǹkan náà, tàbí tí ẹ ti wọn bó ṣe pẹ́ tó, ẹ fi “used to” sílẹ̀.

Ayékòótọ́ (5:12 ìrọ̀lẹ́)

Tísà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, “I used to go to Ibadan three times a week” ńkọ́? Ìyẹn ní iye nínú, ó sì dára.

Tísà Fẹ̀yìntì (5:20 ìrọ̀lẹ́)

Ó dára. “Three times a week” ń sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, kò sọ iye tó jẹ́ lápapọ̀. Àpapọ̀ ni “used to” ò fẹ́.

Ìyá Elélùbọ́ (8:02 alẹ́)

Ẹ ṣé gan-an o, Olúwa á jẹ́ kí ẹ pẹ́. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ọmọ náà, a jọ rẹ́rìn-ín bàbá onímáa-lo-oògùn yẹn. Ìbéèrè mi kan ló kù: ṣé kí n lọ rí tísà náà ni?

Ọmọ Ajílété (8:10 alẹ́)

Ẹ má lọ o. Tísà mìíràn wà tí á fi bú ọmọ yín títí á fi jáde ìwé mẹ́wàá. Ìdajì máàkì ò tó nǹkan tí à ń torí rẹ̀ rìn.

Àgùnbánirọ̀ Under-G (8:19 alẹ́)

Èmi ìbá fẹ́ kí òbí wá bá mi, kí n má parọ́. Ọmọ méjìlélógójì ló wà nínú kíláàsì kan, mi ò lè mọ ẹni tó ṣì ń bá màmá rẹ̀ lọ sọ́jà.

Tísà Fẹ̀yìntì (8:33 alẹ́)

Ọmọ ni kó lọ, màmá ẹ jókòó. Kó má wulẹ̀ sọ pé “wọ́n ní ẹ ṣì í” o. Kó mú ìwé rẹ̀ dání, kó béèrè wọ́ọ́rọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ṣì ń ran màmá mi lọ́wọ́ títí di báyìí. Báwo ni mo ṣe lè kọ ọ́?” Tísà tó bá mọṣẹ́, ìbéèrè yẹn nìkan á mú kó padà wo ohun tó kọ. Ojú ò ní ti ẹnikẹ́ni.

Ìyá Elélùbọ́ (ọjọ́rú, 7:40 alẹ́)

Ó ti tún un kọ kó tó lọ béèrè. Ẹ wò ó: “I usually help my mother on market days. When I was small, I used to sleep under her table.” Òótọ́ ni, abẹ́ tábìlì yẹn ló ti ń sùn, gbogbo irun rẹ̀ á kún fún èlùbọ́. Tísà ní kó ka gbólóhùn méjèèjì fún kíláàsì.

Ọlọ́lọ̀ Ata (9:56 alẹ́)

Ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yìn ni mo dé, mo sì ti kà á tán. Àwọn kan máa ń gbé àgbàdo gbígbẹ wá síbi ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ata, wọ́n á ba òkúta rẹ̀ jẹ́ fún mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ sára pátákó: THIS MACHINE IS USED TO GRINDING PEPPER ONLY. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ayékòótọ́ (10:04 alẹ́)

Ohun tí ẹ kọ yìí, ata lílọ̀ ló ti mọ́ ẹ̀rọ yín lára nìyẹn, kò sì mọ nǹkan mìíràn. IS USED TO GRIND ni, “-ing” ò sí níbẹ̀, torí pé àwọn èèyàn ló ń lò ó láti fi lọ ata. Ti ẹ̀kẹta nìyí, kò sí lára méjì tí Tísà sọ.

Tísà Fẹ̀yìntì (10:11 alẹ́)

Ẹ kọ PEPPER ONLY.

Ọlọ́lọ̀ Ata (10:13 alẹ́)

Ẹ ṣé, bàbá. Ẹni tó máa kọ pátákó náà, lẹ́tà lẹ́tà ló fi ń gbowó.